Itan Àgbò Tí Kò Dé Ìpàgọ́ Ìbà

                                        Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjọ wa,
                                        Ìbà, lọ́nà Ọ̀jọ́.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún,
                                        oṣù kẹjọ, ọdún 1953.

Àmọ̀kẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ rélùwéè ò tíì sọ ọ́ di ẹni tí ń sùn lórí ìjókòó? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé eékún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn, àbí ẹkún ló ṣì fi ń kí gbogbo Èbúté Mẹ́ta lóru? Mo gbọ́ pé ó jọ ọ́. Bí ó bá jọ ọ́ lóòótọ́, kí Ọlọ́run fún un ní sùúrù, nítorí ìyá rẹ̀ ò ní in. Gbogbo ará ilé wa ní Ọ̀jọ́ wà dáadáa nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn. Màmá mi ní kí n kí ọ. Bàbá mi ní kí n bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa wá jẹ ẹran Iléyá, pé ilé ọkọ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí. Mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí, mo ti tún padà, mo ti lọ yọjú wo omi inú àmù bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ, mo tún ti wá jókòó. Ara mi ò lélẹ̀ rárá. Ìwọ lo máa ń sọ ní kíláàsì nígbà náà pé èèrà wà lórí àga mi. Ti òní yìí ju ti èèrà lọ, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ sí ọ.

Ìpàgọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ni a wá ṣe ní Ìbà. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta la ti wà níbí, àwa ará Ọ̀jọ́, àwọn díẹ̀ láti Òkòkòmáíkò, àwọn ọmọ Ìbà fúnra wọn, àti àwọn ọmọ Èkó kan tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi wá, tí wọ́n ń pa ẹ̀fọn tọ̀sán tòru bí ẹni pé ìjọba ń sanwó ẹ̀fọn. Inú kíláàsì ni à ń sùn sí. Abẹ́ pátákó tí wọ́n kọ A B D sí ni ẹní tèmi wà, èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní A B D láti ọdún méjì sẹ́yìn! Àgékù irin rélùwéè tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń lù láti jí wa. Àwọn ọkùnrin ń la igi, àwa obìnrin ń pọn omi. Ọmọ Èkó kan wà tó ń jẹ́ Adébímpé, omi ẹ̀rọ nìkan ló mọ̀ láyé. Ó gbé garawa rù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, omi náà sì ṣe ìrìbọmi fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ó rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti eré ni mo fẹ́ sọ. Olórí ìpàgọ́ wa ni Tíṣà Ọláyíwọlá, ọmọ Èkìtì, ẹni tínínrín tí ohùn wọn tóbi ju ara wọn lọ. Ní kùtùkùtù, wọ́n á ní kí oníkálukú lọ dúró sábẹ́ igi tirẹ̀, láìmú ìwé àdúrà dání, kó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mi ò rí nǹkan kan sọ. Mo wo àwọn èèrùn tí wọ́n ń tò lọ lẹ́sẹ̀ igi, mo ní "Ọlọ́run, ẹ kú iṣẹ́," mo dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀, bàbá mi ni mo rí lọ́kàn. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìrun alẹ́, tí mo máa ń ròyìn gbogbo ohun tí ojú mi rí lójúmọ́ fún wọn, tí wọ́n á kàn máa sọ pé, "Ẹn-ẹ́n? Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́run. Àmọ̀kẹ́, mi ò mọ ìgbà tí oòrùn yọ. Omi ń dà lójú mi, inú mi sì ń dùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sàmì fún mi, mi ò gbàdúrà rí àfi lọ́jọ́ náà. Ó yé mi pé gbogbo èyí tí mo ti ń gbà, ohùn ẹlòmíràn ni.

Àná, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni nǹkan yí padà. Ọ̀la ni Iléyá, Tíṣà sì mọ̀. Wọ́n wàásù pé Ọ̀dọ́-àgùntàn kan ṣoṣo ti kú fún aráyé, pé ẹni tó bá tún ń jẹ àgbò Iléyá ń sọ pé ti àkọ́kọ́ ò tó. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ò bá òkùnkùn jẹun nínú abọ́ kan. Wọ́n wá ní kí àwọn tó wá láti ilé mùsùlùmí, tí wọ́n bá ti pinnu pé ẹran náà ò ní kan ẹnu wọn mọ́, kí wọ́n dìde. Ta ni kò ti ilé mùsùlùmí wá nínú àwa ọmọ Ọ̀jọ́? Bí kì í bá ṣe bàbá, á jẹ́ ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá. Àkànbí tó ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kọ́kọ́ dìde. Orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, àwọn kan ń sunkún. Ẹsẹ̀ mi dìde, Àmọ̀kẹ́. Mi ò mọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, Tíṣà gbé ọwọ́ lé wa lórí, wọ́n ní lọ́jọ́ Àìkú tí ìpàgọ́ máa parí, a ó jẹ́rìí níwájú àwọn òbí àti gbogbo ìjọ bí a ṣe dá ẹran náà padà. Wọ́n tilẹ̀ sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé èmi làwọn ń wò láti ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Ọ̀jọ́. Inú mi dùn títí mo fi dé orí ẹní mi. Lórí ẹní yẹn ni mo ti rántí itan.

O mọ ilé wa. Bàbá mi, Yésúfù Àlàó, ìrun márùn-ún ò yẹ̀ lórí wọn. Màmá mi ò sì pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ rí. Bí Kérésìmesì bá dé, màmá kì í fọwọ́ kan ọrùn adìẹ. Bàbá ni yóò pa á, tí wọn yóò ṣe Bìsìmílà sí i, kí àwọn náà lè jẹ nínú rẹ̀, nítorí bàbá mi kì í jẹ ẹran tí ọ̀bẹ mùsùlùmí ò bá pa. Bí Iléyá bá sì dé, itan ọ̀tún àgbò, tèmi ni. "Itan Ọmọ́yẹlé" ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tí mo ti yọ eyín. Ìwọ náà ti jẹ nínú rẹ̀ rí, ọdún tí ọ̀rá rẹ̀ kán sí bùbá rẹ tuntun, tí o sunkún títí o fi gba ẹran kún ẹran. Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, bàbá ní, "Ìbà ò jìnnà. Itan rẹ á bá ọ níbẹ̀."

Ọ̀la ni wọ́n máa rán an wá. Bí mo bá dá a padà, bàbá mi ni mo dá padà. Bí mo bá gbà á, mo ti purọ́ níwájú Ọlọ́run àti níwájú gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́. Ẹyin lohùn, tèmi ti bọ́ sílẹ̀, mi ò tíì fẹ́ wo ilẹ̀ bóyá ó fọ́. Lábẹ́ igi láàárọ̀ yìí, mi ò lè ròyìn nǹkan kan. Kí ni ìwọ ì bá ṣe? Má wulẹ̀ dáhùn, ọ̀la á ti kọjá kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Wọ́n ti ń lu irin. Mò ń bọ̀.

                                        Ọ̀jọ́,
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrinlélógún.

Àmọ̀kẹ́, mo ti délé, lẹ́tà náà ò sì tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Ó ti bá mi rìn, òróró ti kàn án létí, má bínú. Mi ò fẹ́ tún un kọ, kí o lè rí i bí ara mi ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ Iléyá, mo lọ bá Tíṣà pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sílé fúnra mi, kí n lọ sọ fún bàbá kí wọ́n má rán ẹran náà. Mo rò pé kí n sọ ọ́ lójú wọn sàn ju kí àlejò gbé àwo ẹran lọ kó tún gbé e padà. Tíṣà gbàdúrà fún mi bí ẹni tí ń lọ sójú ogun. Mo gba ọ̀nà Òkòkòmáíkò, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti igi àgbọn. Gbogbo ẹni tí mo pàdé wọ funfun, Yídì ni wọ́n ń lọ. "Ẹ kú ọdún o!" Mo ní, "Ẹ kú ìyèdún." Àwọn tó mọ bàbá mi nínú wọn tún ń fi kún un pé, "Itan ń dúró dè ọ́!" Ẹsẹ̀ mi ń sáré, ọkàn mi ń fà sẹ́yìn.

Nígbà tí mo fi dé ilé, wọ́n ti dé láti Yídì, wọ́n ti pa àgbò, bàbá sì ń kun ún lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Itan náà ti wà lọ́tọ̀, wọ́n ti fi ewé mìíràn bò ó. Bí wọ́n ṣe rí mi, ojú wọn tàn.

"Ìwọ rèé? Ẹsẹ̀ rẹ yá ju ti ẹni tí mo fẹ́ rán lọ. Gba itan rẹ."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Wọn ò ní jẹ ẹ́ níbẹ̀. Èmi náà sì ti ṣèlérí."

Wọ́n fi àkísà nu ọ̀bẹ. Wọ́n nù ún pẹ́. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ẹran ni ẹ kì í jẹ ni, Ọmọ́yẹlé, àbí ọwọ́ mi?"

Màmá ló pariwo láti ìdí ààrò pé, "Bàbá Ọmọ́yẹlé, ọmọ rìn láti Ìbà, ẹ jẹ́ kó mu omi ná!" Bàbá bá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹni tó bá ṣèlérí, kó mú un ṣẹ. Bí mo ṣe kọ́ ọ náà nìyẹn." Wọ́n padà sí ẹran wọn. Mi ò mu omi náà tán. Mo padà sí Ìbà láìjẹ nǹkan kan, mo sì ń bá ara mi jà lójú ọ̀nà, nítorí ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Tíṣà ní mo ti borí. Àkànbí náà ti lọ sílé rẹ̀ dé, ó ní òun náà ti borí, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń dán, òórùn ata àti ẹran sì ń jáde lára rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo lọ sábẹ́ igi mi. Mo ní, "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run," mi ò sì lè kọjá ọ̀rọ̀ bàbá náà. Mo dìde. Mo yí igi náà ká. Mo jókòó, mo dìde. Ọlọ́run tó ń gbọ́ mi lọ́jọ́ Ajé, ó wá dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ náà, à ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn ọmọ Ìbà ń pariwo. Mo gbójú sókè. Bàbá mi ni, nínú agbádá Iléyá wọn, iyanrìn ti bo bàtà wọn dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ń fi okùn fa ewúrẹ́ kan bọ̀. Bàbá mi, tí kì í fa ẹran fúnra wọn! Ewúrẹ́ náà ò fẹ́ rìn, wọ́n á fà á, á dúró, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀, á tún rìn. Tíṣà sáré jáde.

Bàbá ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo gbọ́ pé ọwọ́ mi ni kò jẹ́ kí ẹran mi ṣeé jẹ fún yín. Ọwọ́ náà rèé, okùn lásán ló dì mú. Ẹ fi ọ̀bẹ tiyín pa á, kí ẹ ṣe àdúrà tiyín sí i. Kí ọmọ mi ṣáà rí ẹran jẹ nínú ọdún."

Tíṣà dọ̀bálẹ̀, Àmọ̀kẹ́. Mo fi ojú mi rí i. Wọ́n di ọwọ́ bàbá mú méjèèjì, wọ́n ní ọjọ́ Àìkú la ó pa ewúrẹ́ náà fún àsè ìparí, pé kí bàbá jọ̀ọ́ wá bá wa jẹun. Bàbá ní àwọn á wá. Bí wọ́n ṣe yí ẹ̀yìn padà, gbogbo àgọ́ gbé orin. Wọ́n ní ẹ̀rí mi ti so èso, wọ́n ní ọkàn bàbá mi ti ń rọ̀ sí ìhìn rere. Mo jó. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo jó títí gèlè fi tú lórí mi.

Ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mò ń lọ ata, Adébímpé ń gé àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Orí ewúrẹ́ yẹn, bàbá rẹ ló yẹ ká bù ú fún lọ́la. Àwọn náà ló ni ín."

Ọwọ́ mi dúró lórí ọlọ. Bàbá ò lè jẹ ẹ́. Bí Tíṣà bá pa á, kò sí Bìsìmílà nídìí rẹ̀, bàbá mi ò sì ní fi kan ẹnu. Wọn yóò jókòó sáàárín gbogbo ènìyàn, nídìí ẹran tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fà láti Ọ̀jọ́, wọn yóò máa wò wá bí a ṣe ń jẹun. Èyí tó wá dùn mí dé egungun ni pé wọ́n mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti so okùn mọ́ ẹran náà lọ́rùn ni wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ti gbà pé kí èmi ṣáà jẹ, kí àwọn má jẹ.

Mo fi ata sílẹ̀, mo lọ bá Tíṣà tòun ti ọwọ́ tí ń ta mí. Mo ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ náà ò wá sí wọn lọ́kàn rí, nítorí ní ilé wọn ní Èkìtì, àti bàbá àti ìyá àti ìyá àgbà, Onígbàgbọ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń wo ewúrẹ́ náà. Wọ́n ní, "Mi ò lè ní kí bàbá rẹ pa á, lẹ́yìn ohun tí mo ti wàásù. Mi ò sì lè gbé abọ́ òfìfo síwájú àgbà." Wọ́n wá ní, "Ọmọ́yẹlé, kí la ó ṣe?" Láti ọjọ́ tí a ti dé, wọn ò tíì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè tí àwọn fúnra wọn ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ bá màmá mi.

Ibi tí màmá ti ń họ ẹja ni mo bá wọn. O mọ̀ wọ́n nídìí ẹja, ọwọ́ wọn kì í dúró, ẹnu wọn kì í dúró. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún, mo sì ń ròyìn lórí ẹkún. Wọ́n ń gbọ́, ìpẹ́ ẹja ń ta sí mi lójú. Bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹja ni mò ń wò. Mo dákẹ́. Màmá wo ẹja, wọ́n wò mí.

Mo ní, "Màmá, ta ní ń ṣe Bìsìmílà sí ẹja?"

Màmá pa òṣé, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹja lọ́rùn ni, tí ẹ ó fi máa jà lé e lórí?" Wọ́n yí gbogbo agbọ̀n náà sínú ọpọ́n, epìyà àti òbòkún, èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sọ́jà. Wọ́n ní kí n wá fi ọwọ́ bà á, kí n yé sunkún sí ẹja àwọn, iyọ̀ ti tó lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti màmá la gbé ẹja wọ Ìbà. Àwọn kan kùn, pàápàá àwọn ọmọ Èkó tí wọ́n ti ń lá àlá ewúrẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Bàbá jókòó lẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ṣí fìlà. Àwọn ẹlẹ́rìí ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkànbí sọ bí òun ṣe kọ ẹran. Kò sọ ti ètè tó ń dán. Ó wá kàn mí.

Mo ti múra ọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Mo ní, "Nígbà tí mo wá sí Ìbà, àdúrà inú ìwé ni mo ní. Mo ti ní tèmi báyìí. Nígbà tí wọ́n ní ká bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, bàbá mi tó wà lẹ́yìn yẹn ni mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dìde pé mi ò ní jẹ ẹran wọn mọ́. Ẹsẹ̀ mi ló dìde, ọkàn mi ò tíì dìde. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jókòó padà."

Mo bá jókòó.

Níta, ewúrẹ́ ké "mẹ̀ẹ́," Adébímpé sì fọwọ́ bo ẹnu. Mi ò lè wo ẹ̀yìn, mi ò lè wo iwájú, ọwọ́ ara mi ni mò ń wò. Ó pẹ́ kí Tíṣà tó ní, "Àmín." Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ tí kò tíì dá a lójú wò. Orin wá tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn olórí ẹgbẹ́, Àkànbí ni wọ́n fi ṣe ti Ọ̀jọ́. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n nídìí oúnjẹ, Tíṣà fúnra wọn ni wọ́n bu omi fún bàbá láti ṣanwọ́. Abọ́ kan ni àwọn méjèèjì fi jẹun. Bàbá ń yọ egungun jáde lẹ́nu bó ṣe yẹ kí àgbà ṣe é, láìyára. Mo gbọ́ tí Tíṣà rọra sọ pé, "Bàbá, mi ò mọ̀ ni." Bàbá ní, "Ẹja yìí dùn." Ìyẹn nìkan ni wọ́n bá ara wọn sọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹja odò Èkìtì àti ẹja ọ̀sà, èwo ló ládùn jù. Wọn ò gbà fún ara wọn títí a fi ń palẹ̀ mọ́.

Ti ewúrẹ́ ló wá kù. Bàbá ní àwọn ò lè gba ẹran tí àwọn ti fi tọrẹ fún ilé Ọlọ́run. Tíṣà ní ìjọ ò lè pa á mọ́. Èmi ni mo fà á padà wálé. Ó ń jẹ etí ẹní màmá lábẹ́ igi àgbọn bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ara òun náà ò sì lélẹ̀, bí tèmi. Màmá wo ikùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ó lóyún. Gbogbo wa tí à ń gbàdúrà lé e lórí láti ọjọ́ Ẹtì, kò sẹ́ni tó wo ikùn rẹ̀.

Má rò pé gbogbo ìbéèrè mi ti parí o. Ọ̀rọ̀ Ọ̀dọ́-àgùntàn kan ṣoṣo tí Tíṣà wàásù rẹ̀, mo gbà á gbọ́, mo sì ń bi Ọlọ́run bí ó ṣe bá àgbò bàbá mi mu. Kò tíì dá mi lóhùn. Mo ṣáà ń bi í, lábẹ́ igi àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé wa báyìí.

Nígbà tí mo wọ ilé ìdáná láàárọ̀ yìí láti fọn iná, mo gbójú sókè sí àjà. Itan náà wà níbẹ̀. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Màmá ní bàbá ló fi ọwọ́ ara wọn gbé e kọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá, bí mo ṣe yí ẹ̀yìn padà, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ẹni tó ni ín ń bọ̀.

Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo òde. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo gé e, mo jẹ ẹ́. Ó le, ó sì dùn. Wọn ò wò mí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n? Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá wọn. Bá mi fi ẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu. Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá mú ẹran kan dání nínú ewé; ìpín tìrẹ ni, má jẹ́ kó kán sí bùbá.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó rí ibi jókòó lónìí,

Ọmọ́yẹlé Àlàó.